Ilé Tí A Fẹ́ Rà ní Winnipeg

Ọ̀rọ̀ kékeré kan ló kọ́kọ́ mú mi fura. Ìyàwó mi pè mí láti Winnipeg lọ́sàn-án ọjọ́ kan, nígbà tí mo ń jẹun lọ́wọ́ lẹ́yìn sítọ́ọ̀ ilé iṣẹ́ ọṣẹ tí mo ti ń ṣiṣẹ́ ní Òrégùn. Ọ̀sán ti pọ́n lọ́dọ̀ tiwa, ṣùgbọ́n lọ́dọ̀ tirẹ̀, ilẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń mọ́ ni, ó ń múra ibi iṣẹ́.

Ó ní, "A ti rí ilé o! Ilé kẹta tí a wò yẹn, òun gan-an ni."

Mo gbé ṣíbí sílẹ̀. "Ìwọ àti ta ni?"

"Báwo?"

"O ní a wò ó. Ta ni ẹ jọ wò ó?"

Ó rẹ́rìn-ín. "Èmi àti éjẹ́ǹtì ni. Ọmọ Abẹ́òkúta ni. Èèyàn dáadáa ni, ẹ máa fẹ́ràn ẹ̀."

Mi ò bá a rẹ́rìn-ín. Ó ti lé ní ọdún méjì tó ti lọ. Èmi àti ọmọbìnrin wa, tó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́jọ nígbà náà, la kù sí Ìfàkọ̀-Ìjàyè nínú yàrá méjì tí a háyà. Nọ́ọ̀sì ni ìyàwó mi kó tó lọ, ní ilé ìwòsàn aládàáni kan ní Ìkẹjà; iṣẹ́ yẹn náà ló sì ní òun ń ṣe lọ́hùn-ún. Àdéhùn wa ni pé kó kọ́kọ́ lọ fẹsẹ̀ múlẹ̀, kí àwa méjì tẹ̀lé e. A jọ ń fi owó pamọ́ fún ilé, èmi níhìn-ín, òun lọ́hùn-ún. Ṣùgbọ́n mi ò mọ̀ pé yóò yá tó bẹ́ẹ̀, mi ò sì mọ̀ pé ọkùnrin kan yóò máa gbé e kiri wo ilé.

Kí ẹ tó dá mi lẹ́jọ́, ẹ jẹ́ kí n sọ ibi tí mo ti kọ́ ìfura. Bàbá mi, kápẹ́ńtà, ọmọ Ìjẹ̀bú, ra ààbọ̀ pulọ́ọ̀tì kan sí ìsàlẹ̀ àdúgbò wa nígbà tí mo wà ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Lọ́jọ́ Sátidé kan, a lọ gbin ẹ̀gẹ́ síbẹ̀ kí àwọn èèyàn lè mọ̀ pé ilẹ̀ náà ní ẹni tó ni ín. A bá ọkùnrin kan níbẹ̀ tí típà ń da yanrìn sílẹ̀ fún. Òun náà ní rìsíìtì lọ́wọ́. Ìdílé kan náà ló ta ilẹ̀ náà fún àwọn méjèèjì, ẹnì kan náà ló sì fọwọ́ sí ìwé méjèèjì. Bàbá mi àti ọkùnrin náà jókòó sórí òkìtì yanrìn yẹn, wọ́n ń fi ìwé wé ìwé. Wọn ò bá ara wọn jà. Mo rò pé ìbá dùn mọ́ wọn nínú ká ní wọ́n lè jà. Bàbá mi kò ra ilẹ̀ mọ́ títí wọ́n fi kú. Títí di bí mo ṣe ń wí yìí, ara ògiri ni àwọn onílé àdúgbò wa ń kọ ọ́ sí pé ilé yìí kì í ṣe títà, kí aráàlú ṣọ́ra fún àwọn gbájúẹ̀. Èmi tí mo fi irú ògiri bẹ́ẹ̀ kọ́ ìwé kíkà, ẹ má retí pé kí n gbọ́ "a ti rí ilé" kí n kàn máa jó.

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í bi ìyàwó mi ní ìbéèrè. Ta ló ni ilé náà? Ó ní tọkọtaya kan ni, òun ò tíì rí wọn sójú. Kí ló dé tí wọ́n fẹ́ tà á? Ó ní wọn kì í béèrè ìyẹn níbẹ̀. Èló lo máa san fún éjẹ́ǹtì?

"Mi ò ní san nǹkan kan fún un. Ọ̀dọ̀ ẹni tó ń ta ilé ni owó tiẹ̀ ti máa wá."

Ìdáhùn yìí ló bà mí lọ́kàn jẹ́ jù. Ní Èkó, kí éjẹ́ǹtì tó mú ọ wo yàrá kan ṣoṣo tí òjò ń jò sí, o ti san owó fọ́ọ̀mù. Ọkùnrin wo ni yóò fi mọ́tò ara rẹ̀ gbé ìyàwó oníyàwó kiri ìlú ní Sátidé mẹ́ta léraléra, nínú òtútù yẹn, láìgba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀?

Nígbà tí ìyàwó mi fi fídíò pè mí láti inú ilé náà, mo gbọ́ ohùn ọkùnrin yẹn lẹ́yìn rẹ̀: "Ẹ jẹ́ kí wọ́n rí kíṣìnnì, mà." Ohùn rẹ̀ dùn, ó sì mọ ọ̀wọ̀. Ìyàwó mi fi àga hàn mí, ó fi fèrèsé hàn mí, ó sọ̀ kalẹ̀ sí yàrá ńlá kan lábẹ́ ilẹ̀, kápẹ́ẹ̀tì tuntun wà níbẹ̀, ọ̀dà ara ògiri rẹ̀ funfun báláú. Ṣùgbọ́n ohun tí mo ń wò kọ́ nìyẹn. Kí wọ́n tó wọ yàrá kọ̀ọ̀kan, ọwọ́ ọkùnrin náà ti máa ń wà lórí súìsì iná. Kò wá a rárá. Ó mọ ibi tí gbogbo wọn wà.

Mo ní, "Lọ kan ilẹ̀kùn àwọn aládùúgbò. Bi wọ́n bóyá lóòótọ́ ni pé tọkọtaya yẹn ló nilé, kí o sì bi wọ́n kí ló ń lé wọn lọ."

"Wọn kì í kan ilẹ̀kùn ara wọn bẹ́ẹ̀ níbí. Wọ́n máa rò pé orí mi ti yí."

Mo gbà pé ó ń bo nǹkan.

Láàárín ọ̀sẹ̀ yẹn, àbúrò ọ̀rẹ́ mi kan ní ìjọ wa, obìnrin tó ń gbé Winnipeg, wá sílé, ó sì fẹ́ padà. Ìjọ aláṣọ funfun ni wá, a mọ ara wa bí ẹbí. Mo di gààrí Ìjẹ̀bú sínú ọ̀rá fún un pé kó bá mi gbé e fún ìyàwó mi. Nígbà tó fẹ́ máa lọ, mo ní, "Tí o bá débẹ̀, jọ̀ọ́, bá mi wo ilé tó ń gbé dáadáa." Ó wò mí lójú. Ó ti yé e.

Ọjọ́ mẹ́fà lẹ́yìn náà, ó fi ohùn ránṣẹ́ sí mi. "Bọ̀dá, mo ti fún ìyàwó yín ní gààrí, inú wọn dùn gan-an. Wọn ò jẹ́ kí n wọlé, wọ́n ní àwọn ò tíì palẹ̀ mọ́. Àmọ́... ẹ má sọ pé èmi ni mo sọ ọ́ o. Bàtà ọkùnrin kan wà lẹ́nu ọ̀nà. Bọ́ọ̀tù ńlá. Yìnyín ṣì wà lára ẹ̀."

Mo gbọ́ ọ tó ìgbà mẹ́wàá láàárín àwọn páálí ọṣẹ. Lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn, mo di ẹrù oníbàárà kan sínú ọkọ̀ oníbàárà mìíràn. Ọ̀gá mi ní kí n lọ jókòó, ó bi mí bóyá ẹnì kan kú ni.

Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wà tí ìwé kan fi dé. Báńkì lọ́hùn-ún fẹ́ kí n fọwọ́ sí i níwájú lọ́yà pé ẹ̀bùn ni owó tí mo fẹ́ fi ránṣẹ́, pé mi ò ní béèrè rẹ̀ padà láéláé, àti pé owó náà kò fún mi ní ẹ̀tọ́ kankan lórí ilé. Mo ka gbólóhùn yẹn, mo tún un kà. Mo ní kí ìyàwó mi fi gbogbo ìwé tó ti fún báńkì ránṣẹ́. Ó kọ́kọ́ ní kò pọn dandan. Nígbà tí mo fi dandan lé e, ó fi wọ́n ránṣẹ́. Mo tẹ̀ wọ́n jáde, mo sì yẹ̀ wọ́n wò lójúewé kọ̀ọ̀kan. Orúkọ ọkùnrin ni mo ń wá. Mi ò rí i.

Mo kó wọn lọ sọ́dọ̀ lọ́yà kan ní Allen, ní Ìkẹjà, ìyá àgbàlagbà kan tí ọ́fíìsì wọn wà lókè báńkì kan.

"Kí lẹ fẹ́ kí n ṣe gan-an?" Wọ́n wọ awò ojú wọn.

"Ẹ bá mi wò ó bóyá wọ́n fẹ́ lù mí ní jìbìtì, mà."

"Ta ni wọ́n?"

Mo ti ìwé náà síwájú wọn, mo ní nọ́ọ̀sì ni ìyàwó mi lọ́hùn-ún. Wọ́n ka ìwé náà lọ jẹ́ẹ́. Wọ́n ní bí wọ́n ṣe máa ń kọ ìwé ẹ̀bùn nìyẹn, kí báńkì lè mọ̀ pé kò sí gbèsè mìíràn tó fara sin. Tí mo bá fẹ́ kí orúkọ mi wà lórí ilé, ọ̀tọ̀ nìyẹn, kí n bá ìyàwó mi sọ ọ́. Wọ́n ṣí ojúewé mìíràn, wọ́n dúró.

"Ẹ ní nọ́ọ̀sì ni ìyàwó yín?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"Ìwé ibi iṣẹ́ wọn kò sọ bẹ́ẹ̀ o."

Wọ́n yí ìwé náà sí mi, wọ́n fi bírò tọ́ka sí ìlà kan. Ilé ìkẹ́rùsí ńlá kan ni ìyàwó mi ti ń ṣiṣẹ́. Páálí ló ń gbé, òun náà ló ń tò ó. Ó ti lé ní ọdún kan tó ti wà níbẹ̀.

Iṣẹ́ mi nìyẹn. Mo mọ ohun tó ń fi ẹ̀yìn èèyàn ṣe, mo mọ ohun tó ń fi èékánná ṣe. Mo mọ bàtà tí wọ́n ń wọ̀ ṣe é, tí irin máa ń wà níwájú rẹ̀. Obìnrin tó bá wọ̀ ọ́, ẹsẹ̀ rẹ̀ á dà bí ẹsẹ̀ ọkùnrin.

Mo fọwọ́ sí ìwé ẹ̀bùn náà, ṣùgbọ́n mi ò fi ránṣẹ́. Mo dì í mú sọ̀ kalẹ̀ sí òpópónà. Ó yẹ kí ara tù mí. Kò tù mí. Ọdún kan gbáko ló ti ń sọ fún mi nípa àwọn aláìsàn, nípa bàbá arúgbó kan tí kì í fẹ́ gba abẹ́rẹ́. Bí gbogbo ìyẹn bá jẹ́ irọ́, kí ló tún kù?

Lọ́jọ́ Àìkú, lẹ́yìn ìsìn, mo pè é.

"Bàtà ta ló wà lẹ́nu ọ̀nà rẹ?"

"Bàtà wo?"

"Bọ́ọ̀tù ńlá."

"Ta ló sọ fún yín?" Kí n tó lè pa irọ́ kan, ó ti rí i. "Gààrí. Ẹ fi gààrí rán an."

Láti ìgbà tí a ti fẹ́ra, "ẹ" ni ìyàwó mi máa ń pè mí. Nínú gbólóhùn tó kàn ni mo ti kọ́kọ́ gbọ́ "o" lẹ́nu rẹ̀.

"Bàtà mi ni! Bàtà iṣẹ́ mi ni! O rán obìnrin yẹn wá wo bàtà lẹ́nu ọ̀nà mi?"

"Ìwọ náà, kí ló dé tí o fi ní ilé ìwòsàn lo wà?"

"Torí pé mo ṣe ìdánwò nọ́ọ̀sì wọn níbí, mi ò yege! Torí pé Nọ́ọ̀sì ni gbogbo ṣọ́ọ̀ṣì ń pè mí, màmá rẹ ń sọ ọ́ kiri. Mo fẹ́ tún un ṣe kí n tó sọ. Bàbá tí kì í fẹ́ gba abẹ́rẹ́ yẹn, Ìkẹjà ni mo ti tọ́jú ẹ̀. Mo kàn ń sọ ọ́ kí n má baà gbàgbé iṣẹ́ mi ni."

Ó ti fóònù. Ọjọ́ mẹ́sàn-án ni kò fi bá mi sọ̀rọ̀. Tó bá pè, ọmọ ló ń béèrè, mo sì máa ń jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọmọ náà, mo ń gbọ́ ohùn rẹ̀, mi ò lè dá sí i.

Lọ́jọ́ kẹwàá, ó fi ohùn ránṣẹ́. Ó ti padà sí "ẹ", ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ tutù bí omi fìríìjì. Ó ní, "Ẹ ní kí n bi àwọn aládùúgbò. Mo ti bi wọ́n."

Ó ní ìbínú ló gbé òun débẹ̀, kí òun lè fi hàn mí pé ìbéèrè aṣiwèrè ni mo béèrè. Òyìnbó obìnrin arúgbó kan ló ṣílẹ̀kùn fún un, ajá lọ́wọ́. Ìyá náà ní kó wọlé, ó po tíì fún un. Ó ní ọdọọdún tí yìnyín bá ti yọ́, omi máa ń kún yàrá abẹ́ ilẹ̀ ilé náà dé orúnkún. Ó ti sú àwọn tó ni ín. Wọ́n fa omi jáde, wọ́n kun ògiri, wọ́n tẹ́ kápẹ́ẹ̀tì, wọ́n sì pe éjẹ́ǹtì. Ìyá náà ní kò sí ẹni tó béèrè lọ́wọ́ òun rí.

Nígbà tí ìyàwó mi sọ fún ọmọ Abẹ́òkúta yẹn, ó ní irú nǹkan bẹ́ẹ̀ máa ń ṣẹlẹ̀, kò sí ilé tí kò lábùkù. Bóyá ó mọ̀ tẹ́lẹ̀, bóyá kò mọ̀, títí di òní mi ò lè sọ. Ìyàwó mi kò bá a wo ilé mọ́. Éjẹ́ǹtì mìíràn, obìnrin, ló bá a rí ilé kékeré kan ní apá mìíràn ìlú náà, lẹ́yìn bí oṣù márùn-ún. Ìyàwó mi bi aládùúgbò méjì léèrè kó tó sọ ọ́ fún mi rárá. Mo fi owó ránṣẹ́. Òun fúnra rẹ̀ ló ní kí lọ́yà kọ orúkọ àwa méjèèjì. Mi ò bẹ̀ ẹ́, n kò sì ní ẹnu tí ǹ bá fi bẹ̀ ẹ́.

Èmi àti ọmọ wa gúnlẹ̀ síbẹ̀ nígbà tí ewé igi bẹ̀rẹ̀ sí í pupa. Ilé náà fún, àtẹ̀gùn rẹ̀ ń dún, ṣùgbọ́n ó gbẹ. Ìyàwó mi yege ìdánwò rẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì, ó ti padà sẹ́nu iṣẹ́ nọ́ọ̀sì. A ń jẹun pọ̀, a ń ṣàwàdà, a ń gbàdúrà pọ̀ láàárọ̀.

Ṣùgbọ́n òun náà ti kọ́ nǹkan kan lára mi. Tí fóònù mi bá dún, á ní, "Ta ni yẹn?" Tí mo bá ní ọ̀rẹ́ mi ni láti Ìfàkọ̀, á máa fọ abọ́ lọ, á ní, "Kí ló ní kí ẹ wò fún òun?" Ó máa ń fi ẹ̀rín sọ ọ́. Mi ò tíì mọ bí ẹ̀rín náà ṣe jinlẹ̀ tó. Mo máa ń na fóònù náà sí i. Nígbà míì, ó máa ń nu ọwọ́, ó sì máa ń gbà á wò.