Àkọ́so Tí Kò Dúró Gbó

Kí wọ́n tó ti bodè, awakọ̀ ni Ọdẹkúnlé. Òun ló máa ń kó àwọn oníṣòwò láti Ìlaròó lọ sí Ìdí-Ìrókò, ọkọ̀ rẹ̀ sì mọ ọ̀nà débi pé bó bá sùn lọ lójú ọ̀nà, ẹnu bodè ni yóò ti jí, ọkọ̀ á ti bá a páàkì. Nígbà tí ìjọba ti bodè, koríko hù lábẹ́ ọkọ̀, adìyẹ yé sórí ìjókòó ẹ̀yìn. Ọdẹkúnlé padà sílé ní Ayétòrò, ó mú àbàtà tí bàbá rẹ̀ fi sílẹ̀, ó gbin ìrẹsì.

Lọ́jọ́ Ìsinmi tó tẹ̀lé e, ó kúnlẹ̀ níwájú pẹpẹ, ó jẹ́jẹ̀ẹ́. Ó ní odidi àpò kan nínú àkọ́so oko náà, ti Ọlọ́run ni, lọ́jọ́ ìkórè ọdún yẹn. Ìjọ ṣe àmín, wọ́n sì fi í ṣe alága ìkórè. Láti ọjọ́ náà, bí ẹnikẹ́ni bá ráhùn pé iṣẹ́ ò sí, Ọdẹkúnlé á gbọn aṣọ, á ní, "Ẹ dúró de Olúwa. Àkókò rẹ̀ ló dára jù."

Òjò ò tètè rọ̀ lọ́dún náà. Ìkórè ku ọ̀sẹ̀ kan, ìrẹsì ṣì tutù yọ̀yọ̀. Ẹni tó bá fi èékánná tẹ horo rẹ̀, omi funfun bíi wàrà ló ń jáde.

"Ẹ gbé iṣu lọ, Bàbá Ọmọ́délé," ni Ìdùnnúolúwa, ìyàwó rẹ̀, wí. "Ọlọ́run náà ló ni òjò. Ó mọ̀ pé kò tíì gbó."

"Ọlọ́run mọ̀, ìjọ ńkọ́? Kí alága ìkórè wá gbé iṣu dání bí ẹni ń lọ kí àna?"

Ló bá lọ bá Bàrúwà, onífàyàwọ́ tó ń fi ọ̀kadà gbé ìrẹsì òkèèrè gba inú igbó wọlé. Bàrúwà yìí, bí àwọn aṣọ́bodè bá dá a dúró, á ní aboyún lòun gbé, àpò ìrẹsì á sì máa kérora lẹ́yìn rẹ̀. Ọdẹkúnlé ra àpò kan, ó tú u sínú àpò mìíràn tí kò ní àkọlé. Ó bu ẹ̀kúnwọ́ kan wò. Ìrẹsì náà mọ́ jù. Ta ni kò mọ̀ pé ìrẹsì ilẹ̀ wa kì í ṣàìní òkúta? Àgbà ọkùnrin bá jókòó sẹ́bàá ọ̀nà, ó ń yan òkúta wẹ́wẹ́ bí ìyàwó tuntun tó ń yan ìlẹ̀kẹ̀. Gbogbo ayé ń ṣa òkúta kúrò nínú ìrẹsì, Ọdẹkúnlé ń ṣà á sí i.

Lọ́jọ́ ìkórè, Pásítọ̀ Oyèwọlé bu díẹ̀ sẹ́nu. Eyín rẹ̀ ró kàù. Ó di ẹ̀rẹ̀kẹ́ mú, ó ní, "Ìrẹsì ilẹ̀ wa rèé o. Òkúta rẹ̀ ò parọ́."

Ìjọ hó yèè. Omi bọ́ lójú Ọdẹkúnlé, wọ́n rò pé ayọ̀ ni.

Ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì ni Màmá Àṣìkẹ́ ti di aṣọ rẹ̀ mú. Opó ni. Irúgbìn kan náà lòun àti Ọdẹkúnlé jọ pín, ọjọ́ kan náà ni wọ́n gbìn ín. Ṣùgbọ́n òdìkejì odò ni oko Ọdẹkúnlé wà, orúnkún Màmá ò sì jẹ́ kó lè sọdá mọ́.

"Ọdẹkúnlé, tìrẹ ti gbó ni? Tèmi ṣì tutù lójú mi."

"Ó ti gbó, Màmá. Àkókò Ọlọ́run ni."

"Ojú mi ló ti di bàìbàì nìyẹn. N ò ní jẹ́ kí ẹyẹ jẹ ẹ́ mọ́ mi lọ́wọ́."

Ọdẹkúnlé fẹ́ la ẹnu, àmọ́ Pásítọ̀ ti gbọ́wọ́ lé e léjìká, ó ń pè é ní olóòótọ́ ìránṣẹ́. Ó tẹ̀lé Pásítọ̀ lọ.

Màmá Àṣìkẹ́ kó alágbàṣe, wọ́n gé gbogbo oko rẹ̀. Nígbà tí wọ́n sá a tí wọ́n lù ú, ìyàngbò ló pọ̀ jù. Ìwọ̀nba horo tó wà níbẹ̀ ń fọ́ di ìyẹ̀fun. Oúnjẹ ọdún kan lọ bẹ́ẹ̀. Nígbà tí Ọdẹkúnlé gbọ́, ó fi oúnjẹ sílẹ̀. Ó lọ bá Màmá nílé, ó ń gbàdúrà lójú ọ̀nà pé kó bú òun, bóyá ara á fúyẹ́.

Màmá ò bú u. Orí àpótí ló jókòó sí, ó ń fẹ́ ìyàngbò bí ẹni tó ṣì ń retí nǹkan nínú rẹ̀.

"Ọmọ mi, kọ́ mi ní àdúrà tí o gbà. Irúgbìn kan, òjò kan. Ó mú tìrẹ gbó, Ó fo tèmi dá. Mo sọ fún àwọn ìyá nínú ìpàdé àdúrà pé bóyá Olúwa ti gbàgbé mi. Wọ́n ní kí n lọ yẹ ara mi wò."

Ọ̀rọ̀ yẹn gún un bí ẹ̀gún ọ̀pẹ. Ó bẹ̀rẹ̀, ó pọ̀n ọ́n sẹ́yìn bí ọmọ ọwọ́, ó sì gbé e sọdá odò. Ìrẹsì Ọdẹkúnlé dúró lọ salalu, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń pọ́n bọ̀.

"Èwo lo gé níbẹ̀?" Màmá bi í.

"N ò gé nǹkan kan, Màmá. Ti Bàrúwà ni mo gbé lọ."

"Òkúta yẹn ńkọ́?"

"Èmi ni mo ṣà á sí i."

Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu Màmá, kò sì pẹ́ tó fi tán. Ó já ṣírì kan, ó fi èékánná tẹ̀ ẹ́.

"Kò fò mí dá nígbà náà."

"Kò fò yín dá. Èmi ni n ò lè dúró. Ẹ jọ̀ọ́, bó bá gbó, tiyín ni gbogbo rẹ̀."

"Màá gbà á, ebi ò mọ ìtìjú. Ṣùgbọ́n ta ni yóò bá mi sọ fún àwọn ìyá wọ̀nyẹn? Ìrẹsì ò lẹ́nu."

"Ẹ bá mi sọ fún wọn, Màmá."

"N ò sọ ọ́. Ìwọ lo dúró níwájú pẹpẹ."

Nígbà tí wọ́n pe àwọn tó fẹ́ jẹ́rìí lọ́jọ́ Ìsinmi, Ọdẹkúnlé dìde. Ojú Pásítọ̀ tàn. "Alága wa tún ti ní ẹ̀rí." Akọrin gbé orin ijó, àwọn ìyá jáde, wọ́n ń fi áńkáṣíìfù fẹ́ ẹ lórí. Màmá Àṣìkẹ́ nìkan ló jókòó, ó tẹjú mọ́ ọn. Ọdẹkúnlé dúró láàárín ijó, òógùn bò ó, títí orin fi tán.

"Ẹ̀yin ìyá ìjọ," ló wí, "Olúwa ò gbàgbé Màmá Àṣìkẹ́. Èmi ni mo parọ́ fún un."