Etí Bàbá Akọ̀wé

Títí dòní, bí òjò bá ń rọ̀ sórí páànù, Bàbá akọ̀wé ilé-ìwé wa ní Ìpájà ni mo máa ń rántí. Bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀rọ ìtẹ̀wé wọn ṣe ń dún, wọn a sì dijú gbọ́ ọ bí ẹni tí oorun ń gbé lọ.

Nígbà tí kọ̀ǹpútà tuntun dé, ọ̀gá ilé-ìwé ní bí ẹ̀rọ àtijọ́ yẹn kò bá bá a ṣiṣẹ́, ẹ̀rọ àti Bàbá ni yóò jọ relé. Èmi onídìgírì wá orúkọ ẹ̀rọ náà láàárín orúkọ àwọn ẹ̀rọ ìtẹ̀wé tí kọ̀ǹpútà mọ̀, n kò rí i.

"Bàbá, ó ti parí."

"Ọ̀mọ̀wé, ṣé kò ní àbúrò kankan níbẹ̀ ni? Máa yàn wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, jàre."

Èyí tí mo bá yàn, ẹ̀rọ a tẹ jágbajàgba. "Kì í ṣe èyí," ni wọ́n ń wí, ojú wọn dì pa. Nígbà tí mo yan ìkẹjọ, òjò náà rọ̀. Bàbá rẹ́rìn-ín kí n tó rí ọ̀rọ̀ kan.

Lẹ́tà tí ọ̀gá ti ní kí n kọ sínú kọ̀ǹpútà sílẹ̀ ni mo fi ń dán ẹ̀rọ wò, òun ló jáde, èyí tó dá Bàbá dúró lẹ́nu iṣẹ́. Wọ́n kà á, wọ́n rọra ya etí bébà náà tó ní ihò wẹ́wẹ́ kúrò.

"Ó mà mọ́ o. Mú un lọ fún ọ̀gá."

Bó ṣe mọ́ tó ni kò jẹ́ kí ọ̀gá lè buwọ́ lù ú.