Ọkọ̀ Tó Ń Fẹnu Ka Èèyàn

Ẹni tó bá rí Onítìmùtìmù nínú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, níbi tó ti ń kan aṣọ mọ́ àga, ìṣó kéékèèké lẹ́nu, òòlù lọ́wọ́, kò ní gbà pé obìnrin yìí mọ abẹ́ òkun bí ẹni mọ ẹ̀yìnkùlé ara rẹ̀. Ó ti lé lọ́gọ́ta ọdún, orúnkún rẹ̀ a sì máa ké tó bá dìde. Ṣùgbọ́n jẹ́ kó gbé sílíńdà afẹ́fẹ́ kọ́ ẹ̀yìn, kó wọ bàtà ẹlẹ́sẹ̀ pẹ́pẹ́yẹ, kó mòòkùn, orúnkún náà á panu mọ́.

Ọkọ rẹ̀ ló kọ́ ọ. Awakọ̀ bọ́ọ̀sì iléèwé ni ọkùnrin náà. Lọ́dọọdún, tí iléèwé bá ti gba ọlidé, àwọn méjèèjì á ti ṣọ́ọ̀bù pa, wọ́n á gba etíkun lọ. Àwọn ará àdúgbò a máa kìlọ̀ fún wọn pé òmùwẹ̀ ní í bómi lọ. Omi ò gbé ọkọ rẹ̀ lọ o. Orí bẹ́ẹ̀dì ló kú sí, lẹ́yìn àìsàn tí kò pẹ́ rárá, tíì rẹ̀ ṣì wà lórí tábìlì.

Láti ìgbà náà ni ilé ti dá páropáro. Oníbàárà ń wọlé, oníbàárà ń jáde, ọ̀rọ̀ àga nìkan ni wọ́n ń bá a sọ. Nírọ̀lẹ́, á bu oúnjẹ sábọ́ méjì, á wo ìkejì títí, á dà á padà sínú ìkòkò. Àpò ìmòòkùn méjì ló wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn yàrá, tirẹ̀ àti ti ọkọ rẹ̀. Ọmọ rẹ̀ obìnrin, tó ń gbé lókèèrè, pè é lórí fóònù.

"Màmá mi, ẹ jẹ́ kí n wá kó àwọn ẹrù yẹn, ká fi tọrẹ. Ta lẹ tún fẹ́ bá lọ?"

"Màá lọ lẹ́ẹ̀kan sí i. Tí mo bá rí i pé mi ò lè dá a lọ, kí o wá kó méjèèjì."

Kò fi ṣàwàdà. Nǹkan kan tó kù tó ń mú inú rẹ̀ dùn nìyẹn, ó sì fẹ́ mọ̀ bóyá ti ọkọ rẹ̀ ni, àbí ti òun náà.

Ó wá ku ọkọ̀ ojú omi tí yóò gbé e dé ibi ìmòòkùn. Ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ. Ní ilé iṣẹ́ ọlọ́kọ̀ tó kọ́kọ́ lọ, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń tẹ fóònù bi í bóyá ó ti mòòkùn rí. Kó tó dáhùn, ó ti ní kó máa bọ̀ lọ́la. Ẹni tí ò lè dúró gbọ́ ìdáhùn, igbe ta ló máa gbọ́? Níbi kejì, ó béèrè bí wọ́n ṣe ń ka èèyàn kí ọkọ̀ tó padà.

"Ojú la fi ń kà wọ́n, mà. Ọkọ̀ ò kúkú tóbi."

Ó dúpẹ́, ó jáde.

Ọ̀rọ̀ ọkọ rẹ̀ ló ń tẹ̀ lé. Nígbà kan, ọmọ kan sùn lọ sábẹ́ ìjókòó bọ́ọ̀sì, díẹ̀ ló kù kí wọ́n ti ọkọ̀ pa mọ́ ọn. Láti ọjọ́ náà ni ọkùnrin yìí ti ní ojú lọ̀rọ̀ wà lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹnu ni iye èèyàn wà, ọkọ̀ tí ò bá fẹnu ka èèyàn, kí ìyàwó òun má wọ̀ ọ́. Ẹ wá wo ọ̀rọ̀ o: òun gan-an kì í dáhùn nínú ọkọ̀ ojú omi. Orí sílíńdà ló máa ń tẹ̀ sí, á máa yí èyí, á máa yẹ tọ̀hún wò. Ìyàwó ní í bá a dáhùn pé, "Àwa méjì."

Ọ̀gá ọkọ̀ kẹta, bàbá kan tí ohùn rẹ̀ ń dún bí agogo iléèwé, sọ ohun tó fẹ́ gbọ́. "À ń kà ká tó ṣí, mà, à ń kà ká tó padà. Tí ẹ bá jáde nínú omi, kálukú ló máa fẹnu ara ẹ̀ sọ pé òun wà. Tí iye ò bá pé, a ò lọ síbì kankan. Ọmọbìnrin atọ́nà wa ló máa wà pẹ̀lú yín nísàlẹ̀." Níbẹ̀ ni ọkàn rẹ̀ balẹ̀.

Lọ́jọ́ ìrìn, ọ̀gá ń tú okùn ọkọ̀, ó ń béèrè iye.

"Ẹ̀yin iwájú?"

"Mẹ́ta," ni àwọn ọ̀rẹ́ kan wí.

"Ẹ̀yin ẹ̀yìn?"

"Méjì," ni tọkọtaya kan dáhùn.

"Ẹ̀yin ẹ̀gbẹ́?"

"Àwa méjì," ni Onítìmùtìmù wí.

Kò mọ̀ pé òun sọ ọ́. Ọ̀gá ò sì gbójú sókè, ẹnu ló gbà gbọ́. Ó fi atọ́nà kún un, ó di mẹ́jọ.

Nísàlẹ̀ omi, gbogbo nǹkan dákẹ́. Ọwọ́ rẹ̀ ò gbàgbé iṣẹ́, ẹsẹ̀ rẹ̀ ò gbàgbé. Ẹ̀ẹ̀kọ̀ọ̀kan ló ń bojú wo ọwọ́ òsì, níbi tí ọkọ rẹ̀ máa ń wà. Omi lásán ló ń rí. Ó rí ẹja kan tó tẹ́ pẹrẹsẹ bí àwo, inú rẹ̀ dùn, ó sì tún bà jẹ́, torí kò sí ẹni tó máa sọ ọ́ fún.

Nígbà tí gbogbo wọn padà sínú ọkọ̀, ọ̀gá bẹ̀rẹ̀ sí í fọwọ́ kàn wọ́n léjìká lọ́kọ̀ọ̀kan. "Mo wà." "Mo wà." Méje ló gbọ́. Ó tún un kà, méje náà ni. Ó pa ẹ́ńjìnnì.

"Ẹnì kan ṣẹ́ kù sínú omi."

Atọ́nà bẹ́ padà sómi. Àwọn ọ̀rẹ́ mẹ́ta gun orí ìjókòó, wọ́n ń fọwọ́ ṣíji bojú. Ìyàwó tó wà lẹ́yìn ń gbàdúrà. Onítìmùtìmù náà di irin ọkọ̀ mú, ó ń wo ojú omi, àyà rẹ̀ ń já nítorí ẹni ẹlẹ́ni.

"Ta ni ò rí ẹnì kejì ẹ̀?" ni ọ̀gá béèrè.

Ìgbà náà lọ̀rọ̀ náà tó yé e. Èmi ni. Ọkọ mi ni wọ́n ń wá.

Ó yẹ kó sọ̀rọ̀ lójú ẹsẹ̀, kò sọ ọ́. Ẹ má bá a wí. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti sin ọkùnrin náà, òun nìkan ló ń wá a, lórí bẹ́ẹ̀dì, nídìí ìkòkò, lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Lónìí, odidi ọkọ̀ èèyàn ló ń bá a wá a, tọkàntọkàn. Ó jẹ́ kí wọ́n wá a díẹ̀.

Atọ́nà yọrí, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ, ó tún fẹ́ mòòkùn.

"Ẹ má wá a mọ́," ni Onítìmùtìmù wí. "Ọkọ mi ni. Kò sí nínú omi. A ti sin ín. Èmi ni mo kà á mọ́ra mi, ẹ má bínú."

 Ọ̀gá ṣí fìlà, ó fa atọ́nà wọlé, ó nu ọwọ́ rẹ̀ mọ́ ṣòkòtò.

"Ẹ pẹ̀lẹ́, mà," ló wí. "A máa bẹ̀rẹ̀ látòkè. Ẹ̀yin iwájú?"

"Mẹ́ta."

"Ẹ̀yin ẹ̀yìn?"

"Méjì."

"Ẹ̀yin ẹ̀gbẹ́?"

Ó bojú wo ọwọ́ òsì rẹ̀. Ọ̀gá ò kán an lójú. Ó dúró.

"Èmi nìkan," ló wí nígbẹ̀yìn.

"Iye wa pé," ni ọ̀gá wí, ó sì ṣíná ọkọ̀.

Nígbà tí ọmọ rẹ̀ dé láti wá kó ẹrù, àpò kan ṣoṣo ni ìyá gbé fún un, ti bàbá rẹ̀.