Ọjọ́ Tí Màmá Wa Wẹ Jósẹ́fù

Nígbà tí mo wà ní kékeré ní Odode, ilé wa ni àwọn ère ike kéékèèké ti ṣọ́ọ̀ṣì máa ń gbé láti Kérésìmesì kan dé èkejì: Màríà, Jósẹ́fù, Jésù ọmọ ọwọ́, àgùntàn, amòye mẹ́ta àti ràkúnmí kan. Èyí tó ga jù nínú wọn kò ju ìka ọwọ́ lọ. Màmá wa ni ìjọ fi wọ́n sí ìkáwọ́ rẹ̀, ipò náà sì dùn mọ́ ọn ju ipò ìyá ọmọ mẹ́fà lọ.

Lọ́dún kan, Bàbá wa rí i pé àwọ̀ wọn ti ń ṣí. Ó ṣàánú wọn, ó fi ọ̀dà tó kù lára èyí tó fi kun fèrèsé kùn wọ́n. Nígbà tí Màmá fi máa ti oko kòkó dé, gbogbo ìdílé mímọ́ ti di àwọ̀ ewé bí ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀.

"Bàbá Délé, ẹ sọ Jésù di ewé?"

"Ṣé kò dán ni?"

"Ó dán. Kérésìmesì ló kù sí dẹ̀dẹ̀ yìí. Wọn á gbà wọ́n lọ́wọ́ mi, wọn á kó wọn fún Ìyá Bísí."

Ìyá Bísí ni aládùúgbò wa, ó sì ti pẹ́ tó ti ń wo ipò náà.

Bàbá fẹ́ tún un ṣe. Ó ju amòye kan àti ràkúnmí sínú agolo bẹntiróòlù. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, ẹ má dán an wò. Ó lè gbiná, ó sì máa ń jẹ ike. Kí a tó jẹ iyán tán, amòye ti rì sínú iké ràkúnmí, adé nìkan ló yọ.

Màmá gba ìyókù lọ́wọ́ rẹ̀. Ó po ọṣẹ dúdú tó fi eérú èèpo kòkó sè mọ́ omi lílọ́wọ́ọ́wọ́. Omi eérú gan-an kọ́ o, ìyẹn a máa bó ni lọ́wọ́. Abẹ́ ẹsẹ̀ àgùntàn ló ti kọ́kọ́ dán an wò, kó tó rẹ gbogbo wọn sínú abọ́ mọ́jú. Lọ́jọ́ kejì, ọ̀dà náà ti hunjọ. Ó mú búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín tó ti gbó, ó jókòó, ó na ẹsẹ̀, ó sì ń wẹ̀ wọ́n bó ṣe ń wẹ̀ wá.

"Dijú, ọṣẹ á wọ̀ ọ́ lójú," ló ń sọ fún Jósẹ́fù.

Ìyá Bísí ń kọjá lọ. "Ìyá Délé, ẹ kú iṣẹ́ o. Ta lẹ ń wẹ̀?"

"Àlejò ni!" Ó fa ìró bo abọ́.

Ọ̀dà ṣí, àwọ̀ àtijọ́ náà sì bá a lọ. Orí àpáta ni a sá wọn sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ kòkó, gbogbo wọn funfun bí ẹyin.

Ní ṣọ́ọ̀ṣì, àlùfáà kà wọ́n títí. "Mà, amòye kẹta ńkọ́?"

Màmá fi ìka kan adé náà. "Ó rẹ̀ ẹ́ lọ́nà, sà. Ràkúnmí ló gbé e pọ̀n."

Àlùfáà wò ó títí. "Ọ̀nà náà jìn lóòótọ́," ló wí, ó sì fi wọ́n sílẹ̀ sọ́wọ́ Màmá.

Láyé ìsinsìnyí, bí àwọ̀ ère bá ṣí, tuntun ni wọ́n ń rà. Àwọn ère ṣọ́ọ̀ṣì wa ti di tuntun báyìí, àfi ẹyọ kan tí ìjọ kọ̀ láti jù nù. Ìdí nìyí tí àwọn ọmọ ilé-ìwé ọjọ́ ìsinmi wa, bí a bá ní kí wọ́n ya ìbí Jésù, fi máa ń ya amòye méjì, àti ràkúnmí kan tó dé adé.