Ọwọ́ Tó Ń Fún Ìyá Mi Lọ́rùn

Wòlíì ìjọ ìyá mi ní Ugbuwangue, ní Warri, ló kọ́kọ́ rí ọwọ́ náà. Ó ní ọwọ́ obìnrin ni, òun ló ń fún ìyá mi lọ́rùn tí èémí rẹ̀ fi ń súfèé, ọwọ́ yìí kan náà ló sì ń ba ọjà tó ń tà jẹ́. Kò dárúkọ ẹnikẹ́ni. Àwọn wòlíì kì í dárúkọ. Wọ́n á júwe ilé, wọ́n á ní kí o fúnra rẹ lọ kan ilẹ̀kùn.

Ẹja yíyan ni ìyá mi ń tà. Láti ìgbà tí dókítà ti ní kó jìnnà sí èéfín, ọ̀rẹ́ rẹ̀ ló ń bá a yan án. Ìlàjẹ bíi tirẹ̀ ni, ìjọ kan náà ni wọ́n ń lọ, ọkọ̀ ojú omi kan náà ló sì gbé wọn dé Warri nígbà ọmọge wọn. Òun ni ìyá mi fura sí. Kí ọ̀sẹ̀ tó parí, ìyá mi ti ń wọ́n omi àdúrà sórí ẹja tí ọ̀rẹ́ rẹ̀ yan. Ẹja yíyan kò fẹ́ omi, ì báà jẹ́ ti àdúrà. Èbu bò ó. Bí èbu ṣe ń pọ̀ sí i ni ẹ̀rí ìyá mi ń pọ̀ sí i.

Mo kàwé nípa bí ara ṣe ń ṣiṣẹ́ ní yunifásítì, nítorí náà mo lè ṣàlàyé àìsàn tí n kò lè wò. Mo sọ fún un pé ikọ́ fée kò ní ọwọ́. Iṣan ló yí àwọn ihò kéékèèké tí èémí ń gbà nínú ẹ̀dọ̀fóró ká, kì í sì í gba àṣẹ lẹ́nu wa. Bí èéfín tàbí òórùn líle bá kàn án, ti ẹlòmíì á gbójú fò ó. Ti oníkọ́ fée á sún kì, ihò á há, èémí á máa súfèé. Ínhélà, oògùn fífín sẹ́nu tí dókítà fún un, ló ń mú kí iṣan náà rọ̀.

Ìyá mi fara balẹ̀ gbọ́.

"Iṣan ló ń fún mi lọ́rùn?"

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.

"Ta ló rán an?"



Èmi náà wá bẹ̀rẹ̀ sí í fura, nítorí ọjọ́ ìjọsìn ni èémí rẹ̀ ń há jù. Mo tẹ̀ lé òun àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ lọ lọ́jọ́ Ìsinmi. Wọ́n ti gbogbo fèrèsé pa kí ariwo jẹnẹrétọ̀ àdúgbò má baà dí Ẹ̀mí lọ́wọ́. Wòlíì pe ìyá mi síwájú kó lè lé ọwọ́ náà lọ, ó ń gbé àwo tùràrí yí i ká, èéfín ṣú bò wá. Kò pẹ́ tí àyà ìyá mi bẹ̀rẹ̀ sí í súfèé.

"Ẹ gbọ́ ọ," ni wòlíì wí, "ó ti dé." Ó ní kí wọ́n fi tùràrí kún un.

Mo di ìyá mi mú ní apá kan. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ dì í mú ní apá kejì. A mú un jáde lẹ́sẹ̀ lásán dé etí omi, mo sì fín ínhélà sí i lẹ́nu. Díẹ̀díẹ̀, súfèé náà rọlẹ̀.

Ìyá mi wo ọwọ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó wà léjìká rẹ̀.

"Ìgbà tí ìwọ dì mí mú ló tú," ó ní. "Ẹni tó so okùn ló mọ ibi tí kókó wà."

Ẹ̀rù bà mí pé ọ̀rẹ́ tí wọ́n ti ń ṣe láti ìgbà ọmọge fẹ́ tú ká lójú mi. Ṣùgbọ́n ọ̀rẹ́ rẹ̀ kò tilẹ̀ gbé ọwọ́ kúrò.

"Bó bá jẹ́ èmi ni mo so ó, ẹnu rẹ ni n bá kọ́kọ́ so."

Ìyá mi bú sẹ́rìn-ín. Mo tẹ́tí sí ẹ̀rín ọ̀hún, nítorí ẹ̀rín pẹ̀lú máa ń mú kí iṣan yẹn sún kì. N kò gbọ́ súfèé. Ibẹ̀ ni a wà tí wòlíì fi yọ lẹ́nu ọ̀nà ilé ìjọsìn, àwo tùràrí lọ́wọ́, ó ń pè wá kí a wá parí iṣẹ́. Ìyá mi wò ó títí, bó ṣe máa ń wo ẹja tí kò mọ odò tó ti wá.

Ó gbá ọwọ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀ mú. "Jẹ́ ká sún sókè díẹ̀," ó ní, "síbi tí afẹ́fẹ́ ti ń wá."