Rọ́bà Tí Màmá Fi Ń Di Abọ́

Òórùn kúlíkúlí tí wọ́n ń dín ló máa ń gbé mi padà sí Hayin Dogo, àdúgbò wa ní Zaria. Ibikíbi tí mo bá ti gbóòórùn ẹ̀pà nínú òróró gbígbóná, ojú ẹsẹ̀ ni mo máa ń rí ilé wa, eruku ọyẹ́ lórí fèrèsé, àti abọ́ tánganran Màmá tó kún pálọ̀ débi pé àlejò ní láti wá ibi tó máa fẹsẹ̀ sí kó tó jókòó. Àdúgbò ìṣòwò tí wọ́n ń pè ní PZ ni Màmá ti ń tajà. Àwọn ìyá ìyàwó tó ń kó ẹrù ọmọ wọn lọ sílé ọkọ ló ń ra abọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n á sì lọ tò ó sára ògiri yàrá ìyàwó. Mai Kwano ni wọ́n ń pè é, ìyẹn oníṣòwò abọ́. Bí o bá gbọ́ Hausa lẹ́nu obìnrin Kwara yẹn, wàá búra pé Zaria ni wọ́n bí i sí. Òun ló fi ń ná ọjà, òun ló fi ń ṣẹ̀fẹ̀, òun náà ló fi ń bú èèyàn. Ṣùgbọ́n Bàbá, akọ̀wé ìjọba tó ti fẹ̀yìn tì, kò fẹ́ gbọ́ ju Yorùbá lọ lábẹ́ òrùlé rẹ̀. "Ẹ bọ́ Hausa yín sẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú bàtà," ló máa ń wí fún gbogbo wa.

Nígbà tí mò ń wí yìí, mo ń kàwé gba oyè kejì nínú ìmọ̀ ìṣirò ní yunifásítì tó wà ní Samaru. Ẹ̀ka tí mo yàn kì í wọn gígùn, kì í sì í wọn ìbú. Ohun tó ń bèèrè ni pé, ṣé nǹkan yìí so pọ̀? Bí a bá yọ ibì kan kúrò lára rẹ̀, ṣé ó ṣì máa jẹ́ ọ̀kan, àbí ó máa já sí méjì? Màmá fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ títí. "Ìṣirò tí kì í ka nǹkan kan? Kai! Ta ló máa gbà ọ́ síṣẹ́?"

Àárọ̀ ọjọ́ kan ló ṣubú nídìí iná. Nígbà tí a gbé e dé láti ọsibítù, ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ ti kú, ẹnu rẹ̀ sì wọ́ díẹ̀. Ó wo Bàbá, ó ní, "Ruwa."

"Omi," ni Bàbá fèsì. "Omi lò ń bèèrè. Sọ ọ́."

Ètè rẹ̀ gbọ̀n, ó gbìyànjú, òógùn bò ó. "Ruwa."

Yorùbá ti lọ pátá. Bí a bá bá a sọ ọ́, á kàn tẹ́tí bí ẹni tó ń gbọ́ ariwo láti yàrá kejì. Ṣùgbọ́n kí àwọn oníbàárà rẹ̀ yọjú báyìí, kí wọ́n ní, "Sannu, Mai Kwano!" ló bá dáhùn, ló bá bèèrè ilé, bèèrè ọmọ, ó tún rẹ́rìn-ín. Bàbá á dìde lọ sí yàrá. Mo bá a níbẹ̀ lẹ́ẹ̀kan tó jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì. "Ó ń bá gbogbo ayé sọ̀rọ̀," ló wí. "Èmi ọkọ rẹ̀ nìkan ló ku ẹni tí kò mọ̀."

Dókítà ti ṣàlàyé fún wa. Ó ní oríṣiríṣi apá ni ọpọlọ ní, wọ́n sì ń bá ara wọn sọ̀rọ̀ nígbà gbogbo. Bí àìsàn bá ba ọ̀nà kan jẹ́, àwọn tó kù lè gba ibòmíràn kan ara wọn, bí a bá ṣáà ń lo ọ̀nà tó kù. "Èdè yòówù tó bá jáde, ẹ gbà á, kí ẹ sì fi dá a lóhùn." Bàbá mi orí, ṣùgbọ́n kò wọ̀ ọ́ létí. Kò pẹ́ ló ní òun máa gbé Màmá lọ sílé, sí abúlé wa ní Kwara. Ó ní ilé ni wọ́n ń gbé aláìsàn lọ, àti pé níbi tí ẹnì kan ò bá ti gbọ́ Hausa, tipátipá ni Yorùbá á fi padà sí i lẹ́nu.

Mo bẹ̀ ẹ́ títí. Nígbà tí ẹ̀bẹ̀ ò ràn, mo bọ́ òrùka rọ́bà kan kúrò lára abọ́, èyí tí Màmá ń gé lára tíúbù kẹ̀kẹ́ láti fi dì wọ́n pọ̀. Mo fi àlùmọ́gàjí gé e. "Bàbá, ẹ wò ó. Ibi tí àìsàn gé nìyí, ó ṣì jẹ́ ọ̀kan. Hausa ni ọ̀nà tó kù." Mo gé e níbòmíràn, ó já bọ́ sílẹ̀ ní méjì. "Bí ẹ bá gbé Màmá lọ, àwa la gé eléyìí."

Bàbá wo rọ́bà náà nílẹ̀. "Rọ́bà nìyẹn," ló wí. "Ìyàwó mi ni mò ń sọ."

Wọ́n lọ.

Wọ́n sọ fún mi pé ní ìbẹ̀rẹ̀, Màmá ń kí gbogbo ẹni tó bá ń kọjá níwájú ilé ní Hausa. Àwọn obìnrin ẹbí á káàánú, wọ́n á ní, "Ó mà ṣe o, orí rẹ̀ ti dàrú," wọ́n á gbàdúrà fún un. Kò sẹ́ni tó dá a lóhùn. Nígbà tí mo dé fún Kérésìmesì, ó ti dákẹ́ pátápátá. Bàbá wà lórí àpótí lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó ń rọra sọ pé, "Kin ci abinci?" Ṣé o ti jẹun? Hausa, lẹ́nu Bàbá mi! Màmá wò ó, ó sì wo ọwọ́ ara rẹ̀. Bàbá tún un sọ. Lẹ́yìn náà ló bi mí, láìgbójú sókè, "Mo pẹ́ jù, àbí?"

Màmá kú kí òjò ọdún tó tẹ̀ lé e tó dé, kò sì fi èdè kankan pe ẹnikẹ́ni nínú wa. Mi ò bínú sí Bàbá. Ohùn ìyàwó rẹ̀ ló ń wá kiri, ó sì dùn ún. Ó ń dun èmi náà di òní.

Olùkọ́ ìṣirò ni mí báyìí. Lọ́dọọdún, bí mo bá dé orí ẹ̀kọ́ yẹn, mo máa ń mú òrùka rọ́bà kan lọ sí kíláàsì. Mo máa ń gé e lẹ́ẹ̀kan, mo sì máa ń fi hàn wọ́n pé ó ṣì so pọ̀. Bó bá ku ẹ̀ẹ̀kejì, mo máa ń na àlùmọ́gàjí sí akẹ́kọ̀ọ́ tó bá sún mọ́ mi jù kó bá mi gé e, màá sì kọjú sí pátákó bí ẹni tó ń wá ṣọ́ọ̀kì.