Ìyá Fidíẹ̀sínú àti Kọ̀ǹpútà Awakọ̀

Bí ẹ bá gbé ohunkóhun dé iwájú Ìyá Fidíẹ̀sínú, ì báà jẹ́ bàtà, ì báà jẹ́ àga, ì báà tilẹ̀ jẹ́ àfẹ́sọ́nà ọmọ yín, ìbéèrè kan náà ni yóò kọ́kọ́ bi yín: "Kí ló kọ́kọ́ máa ń bàjẹ́ lára ẹ̀?" Kì í ṣe pé ó ń wá àléébù o. Ó kàn fẹ́ mọ̀ ni. Ohun tí kò bá mọ ìdí rẹ̀ kì í jẹ́ kó gbádùn.

Télọ̀ ni. Àwọn oníbàárà ló sọ ọ́ lórúkọ yẹn, nítorí kò sí aṣọ tó rán tí kì í fi ìka mẹ́ta aṣọ pamọ́ sínú ojú rírán rẹ̀. "Ara èèyàn kì í dúró sójú kan," bẹ́ẹ̀ ló máa ń wí. "Bó o bá sanra lọ́dún tó ń bọ̀, a ó kàn tú u, á sì fẹ̀." Àwọn télọ̀ yòókù ò fẹ́ràn àṣà yìí rárá, torí ẹni tó bá ti wọ aṣọ rẹ̀ kì í tètè dá òmíràn.

Ọkọ rẹ̀ ńkọ́? Awakọ̀ ni, ọkọ̀ akẹ́rù ló sì fi ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n wà. Fẹ̀sọ̀rìn ni àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń pè é, torí kò kánjú rí, kò sì pẹ́ dé rí. Àfi bí àìsàn ṣe gbé e dálẹ̀ lójijì. Nígbà tó dìde, ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀ ò dìde pẹ̀lú rẹ̀. Dókítà ní ọ̀rọ̀ ọkọ̀ ti parí. Láti ọjọ́ yẹn ló ti yí àga rẹ̀ padà ní pálọ̀, tó kọ ẹ̀yìn sí fèrèsé tó kọjú sí títì. Bí ọkọ̀ akẹ́rù bá ń kọjá lọ níta, á na ọwọ́ sí rédíò, á yí ohùn rẹ̀ sókè. Ọkùnrin tí ìtàn ọ̀nà kì í tán lẹ́nu rẹ̀ wá di ẹni tí ń dáhùn "hẹn" àti "ó dáa". Ó dun ìyàwó rẹ̀ wọ egungun. Ìtàn ọ̀nà wọ̀nyẹn ló torí ẹ̀ fẹ́ ẹ.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, obìnrin náà gbé aṣọ lọ fún ọmọbìnrin oníkọ̀ǹpútà tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà láàárín ti oníbàtà àti ti ayàwòrán. Ẹ̀ẹ̀kejì nìyẹn tó ti tú aṣọ náà kó lè fẹ̀. Bó ṣe wọlé, ojú rẹ̀ lọ sára kọ̀ǹpútà kan. Ọkọ̀ akẹ́rù ń lọ lójú rẹ̀ lórí títì gígùn nínú òjò, wáípà ń nu gíláàsì, ọkùnrin kan sì jókòó síwájú rẹ̀, ó di sítíárìn mú.

"Kí lèyí?"

"Géèmù ni, mà."

"Níbo ló ń lọ?"

"Kò lọ síbì kankan, mà. Ó kàn ń wa ọkọ̀ ni."

"Ṣé dandan ni kó fi ẹsẹ̀ tẹ bíréèkì?"

"Rárá o. Ẹ wo irin méjì tó wà lẹ́yìn sítíárìn yẹn. Ọwọ́ lásán ti tó."

Ìyá Fidíẹ̀sínú fa àga, ó jókòó tòun ti aṣọ lọ́wọ́, ó ń wo òjò inú kọ̀ǹpútà bí ẹni tí wọ́n fún ní lẹ́tà.

Owó tó ń tọ́jú fún ẹ̀rọ ìránṣọ tuntun wà nílẹ̀. Ẹ̀rọ àtijọ́ ń kígbe, àmọ́ ó ṣì ń rán. Nígbà tó ní òun fẹ́ ra irú ẹ̀ fún ọkọ òun, tó sì dárúkọ iye tó ní, oníkọ̀ǹpútà fi ọwọ́ ra irun orí. "Mi ò ní tàn yín, mà. Èyí tí owó yìí lè rà nílé ìtajà, ojú ẹ̀ ló dáa, inú ẹ̀ ò dáa. Kó tó ọdún méjì, kò ní lè gbé géèmù tuntun mọ́, ẹ ò sì ní lè pààrọ̀ nǹkan kan níbẹ̀. Àmọ́ tí a bá ṣa ẹ̀yà ẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, tí a fọwọ́ ara wa tò ó, ó máa pẹ́."

"Ó gbọ́dọ̀ pẹ́. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni mo lè ṣe é. Ó dáa, ọmọ mi, kí ló kọ́kọ́ máa ń bàjẹ́ lára ẹ̀?"

Oníkọ̀ǹpútà bú sẹ́rìn-ín. "Láti ọjọ́ tí mo ti ń ṣiṣẹ́ yìí, kò sẹ́ni tó bi mí rí! Gbogbo wọn, èwo ló yá jù ni wọ́n máa ń bèèrè." Ó gbé àpótí irin dúdú kan sílẹ̀, tó tó ìlàjì búrẹ́dì. "Èyí ló ń pín iná fún gbogbo ara. Torí pé kò hàn síta, èyí tí ò dáa làwọn èèyàn máa ń rà. Tó bá sì jó, kì í dá jó."

"Òwú ìránṣọ nìyẹn! Èèyàn á ra aṣọ olówó iyebíye, á wá fi òwú jákujàku rán an." Ó ṣí ìwé ìwọ̀n rẹ̀ sí ojú ewé tí ìwọ̀n ọkọ rẹ̀ wà. Lábẹ́ àyà àti gígùn ṣòkòtò, ó kọ ọ́ síbẹ̀ pé: *Iná. Má ṣahun. Kó ju ohun tó nílò lọ.*

Báyìí ni ìrìn rẹ̀ ṣe bẹ̀rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko, bó bá ti di ọ̀sán, á fi abẹ́rẹ́ sílẹ̀, á gba ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù lọ. Wọ́n ní ẹni tó bá béèrè kì í ṣìnà, àmọ́ wọn ò sọ iye ìbéèrè tí oníkọ̀ǹpútà kan lè fara dà. Wọ́n fi odindi ọjọ́ méjì wo bọ́ọ̀dù, ìyẹn pátákó pẹlẹbẹ tí gbogbo ẹ̀yà yòókù ń jókòó lé. Méjì ló wà níwájú wọn. Ọ̀kan wọ́n díẹ̀ ju èkejì lọ.

"Kí ló mú èyí wọ́n?"

"Èyí tí kò wọ́n yẹn, ọpọlọ tó lè gbé, ìyẹn ẹ̀yà tí ń ronú fún un, ò ní ju èyí tó wà lọ́jà báyìí lọ. Àmọ́ èyí, tó bá di ọdún mẹ́rin òní, tí wọ́n bá ṣe ọpọlọ tó yá jù bẹ́ẹ̀ lọ, á ṣì gbà á. Ẹ tún wo ojú ihò mẹ́rin yìí, ibi tí wọ́n ń ki ìrántí ẹ̀, ìyẹn mẹ́mọ́rì, bọ̀. A máa fi méjì sí i báyìí, méjì á ṣófo."

"Ìyẹn ni pé mo lè ra ọpọlọ tí apá mi ká lónìí, kí n wá pààrọ̀ ẹ̀ lọ́la láìda gbogbo ilé rú?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

Ìyá Fidíẹ̀sínú lu tábìlì. Inú rẹ̀ dùn débi pé oníbàtà yọjú wò wọ́n. "Ẹni tó ṣe bọ́ọ̀dù yìí, télọ̀ ni! Ó fi díẹ̀ sínú!"

Káàdì tí ń ya àwòrán ọ̀nà ló máa gba owó jù, nítorí náà wọ́n ra àlòkù irú èyí tó ṣáájú èyí tó jáde kẹ́yìn. Ìyá Fidíẹ̀sínú gbé e símú, ó gbóòórùn rẹ̀, ó ka ìyẹ́ fáànù rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan bóyá ọ̀kan ti sán, ó sì ní kí wọ́n tan án ní wákàtí kan lójú òun. Nígbà tí wọ́n dé ọ̀dọ̀ àpótí tí gbogbo ẹ̀ máa gbé inú rẹ̀, oníkọ̀ǹpútà fi èyí tí ń tan iná pupa àti àwọ̀ ewé hàn án.

"Ṣé iná yẹn ń mú un sáré ni?"

"Rárá, mà. Ẹwà lásán ni."

"Bọ́tìnnì tí kò de nǹkan kan. Fún mi ní èyí tó tóbi tí kò tanná." Ó gbé ojú sókè. "O ní iná tí kò dáa ló kọ́kọ́ ń bà á jẹ́. Kí ló tẹ̀ lé e?"

"Eruku."

Ó kọ *eruku* sínú ìwé, ó fa ìlà méjì sábẹ́ rẹ̀. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má gbàgbé ìlà méjì yẹn.

Orí tábìlì tí Ìyá Fidíẹ̀sínú ti ń gé aṣọ nílé ni wọ́n ti tò ó, lọ́jọ́ Sátidé. Òòfà tí ó fi ń kó abẹ́rẹ́ jọ ni wọ́n fi mú àwọn ìdè onírin kéékèèké tí ń de ẹ̀yà mọ́ra, kí wọ́n má baà sọ nù. Tẹlifíṣọ̀n ilé ló di ojú kọ̀ǹpútà. Sítíárìn tí wọ́n rà jẹ́ àlòkù tí awọ rẹ̀ ti ya, Ìyá Fidíẹ̀sínú sì rán an padà ní àrántúnrán. Fẹ̀sọ̀rìn ń gbọ́ gbogbo ẹ̀ látorí àga rẹ̀, kò wẹ̀yìn.

"Ẹ wá wò ó," ìyàwó rẹ̀ wí.

"Ṣé ọmọdé ni mí?"

Obìnrin náà ò bá a jà. Ó jókòó, ó ń wa ọkọ̀ ọ̀hún fúnra rẹ̀. Kò wa ọkọ̀ rí láyé rẹ̀. Ó kọlu òpó, ó wọ gọ́tà, ó ń fi jíà gíga gun òkè, ẹ́ńjìnì ń ké tantan. Ọjọ́ kìíní kọjá bẹ́ẹ̀. Ọjọ́ kejì kọjá. Lọ́jọ́ kẹta, ohùn kan jáde láti orí àga:

"Ìwọ obìnrin yìí, o fẹ́ pa ọkọ̀ yẹn ni? Dá jíà padà! Dìde ńbẹ̀."

Láti ọjọ́ náà, ọ̀sán gbogbo ló ń wà á. Àmọ́ ọ̀rọ̀ ò tíì dé ẹnu rẹ̀. Á wà á dé ibi tó ń lọ, á gúnlẹ̀, á padà sórí àga tó kọ ẹ̀yìn sí fèrèsé. Ìyàwó rẹ̀ ń retí. Ẹ̀rù kan ṣoṣo ló ń bà á, pé kí nǹkan náà má lọ bàjẹ́ kí ọkọ òun tó padà di ẹni àtijọ́ tán. Ó ń wo fọ́nrán òwú tí ń fò káàkiri pálọ̀ tó tún jẹ́ ibi iṣẹ́ rẹ̀ yìí, ó rántí ìlà méjì. Ló bá gé aṣọ tó nípọn, ó fi ìtẹ́nú sí i, ó rán ẹ̀wù fún àpótí náà, ó bá a mu rẹ́gí láti orí dé ìdí. Kò fi ìka mẹ́ta kankan sínú èyí, kí eruku má baà rí ojú wọlé. Kò rán nǹkan tó dára tó bẹ́ẹ̀ rí. Àṣejù, baba àṣetẹ́.

Kò ju ààbọ̀ wákàtí lọ lọ́sàn-án ọjọ́ náà tí ohùn fáànù bẹ̀rẹ̀ sí í ròkè. Fẹ̀sọ̀rìn wà láàárín afárá gígùn kan. Tẹlifíṣọ̀n ṣàdédé ṣókùnkùn.

Ó rọra gbé ọwọ́ kúrò lórí sítíárìn. "Ó ti kú," ni ó wí. "Mo mọ̀. Ohun tó bá ti bọ́ lọ́wọ́ mi, ó ti bọ́ náà nìyẹn." Ó di ọ̀pá rẹ̀ mú, ó ń dìde.

Ìyá Fidíẹ̀sínú fi abẹ́rẹ́ sílẹ̀. Owó ẹ̀rọ ìránṣọ kọ́ ló rò. Hẹn àti ó dáa ló rò, títí ọjọ́ ikú.

Àmọ́ ọkùnrin náà ò tíì nàró tán tó fi dúró. Ó fa imú. Ó tẹ̀ síwájú, ó fi àtẹ́lẹwọ́ kan ẹ̀wù àpótí náà, ó sì yára gbé ọwọ́ kúrò.

"Ta ló wọ aṣọ òtútù fún ẹ́ńjìnì?"

"Èmi ni. Torí eruku."

"Má tan án o! Bọ́ ọ. Kó kọ́kọ́ tutù." Ó ti jókòó padà, ohùn rẹ̀ ti di ohùn ọ̀gá ọkọ̀. "Kò kú. Òun fúnra ẹ̀ ló mọ̀ pé ó gbóná, ló fi pa iná ara ẹ̀. O bo ibi tó ń gbà mí."

Ìyá Fidíẹ̀sínú bọ́ ọ. Ooru jáde bíi ti ààrò. Gbogbo ẹ̀yà tó wà nínú kọ̀ǹpútà ló ti bi léèrè ohun tó ń bà wọ́n jẹ́, kò bi ẹnikẹ́ni ibi tí wọ́n ń gbà mí.

Fẹ̀sọ̀rìn wo ẹ̀wù náà lọ́wọ́ ìyàwó rẹ̀, ejìká rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í mì. Ẹ̀rín ni. "Èmi náà ti ṣe é rí. Ọdún tí mo kọ́kọ́ gba ọkọ̀. Eruku pọ̀ lọ́nà, ni mo bá fi tapólì bo iwájú ọkọ̀ pinpin, rédíétọ̀ tó ń mú ẹ́ńjìnì tutù àti gbogbo ẹ̀. Mo rò pé mo gbọ́n ju gbogbo awakọ̀ lọ."

"Ẹ ò sọ ìyẹn fún mi rí!"

"Ṣé irú ẹ̀ ṣe é sọ fún ìyàwó ni?"

Kí ẹ má baà máa ro ó: kọ̀ǹpútà náà tàn, lọ́jọ́ kejì. Lọ́sàn-án tó pa iná ara ẹ̀ yẹn, kò sẹ́ni tó rántí tan án. Bí wọ́n ṣe jókòó tí wọ́n ń dúró kó tutù, ọkọ̀ akẹ́rù kan ń gun òkè bọ̀ níta, ẹ́ńjìnì rẹ̀ ń kérora. Ìyá Fidíẹ̀sínú wo ọwọ́ ọkọ rẹ̀. Ọwọ́ náà ò lọ sí rédíò. Ọkùnrin náà yí ọrùn, ó wo fèrèsé.

"Jíà kẹta ló fi ń bọ̀," ni ó wí. "Ó yẹ kó ti bọ́ sí èkejì láti ìsàlẹ̀ òkè."

"Kí ló dé tó fi yẹ bẹ́ẹ̀?" ìyàwó rẹ̀ béèrè.

Ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ fún un.